Adelé Tí Ó Di Ọba: Àga Àgbègbè 13 ní Ìpínlẹ̀ Illinois

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 2004, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà dìbò yan Barack Obama sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Washington. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, ó fi àga tí ó ti ń jókòó lé láti ọdún 1997 sílẹ̀ ní Ilé Aṣòfin Àgbà ti ìpínlẹ̀, ní Springfield. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 6, ẹlòmíràn ti gba àga náà. Kwame Raoul ni orúkọ rẹ̀, agbẹjọ́rò ọmọ 40 ọdún, tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá sí Chicago láti Haiti, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ dókítà oníṣègùn ní apá gúúsù ìlú náà. Ọjọ́ 2 péré ni ó wà láàárín ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ dìde àti ìgbà tí ẹni kejì jókòó. Láàárín ọjọ́ 2 náà, kò sí àpótí ìbò kan ṣoṣo tí wọ́n gbé síta ní Àgbègbè 13.

Bí oníròyìn èdè Yorùbá bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, gbólóhùn kan ni yóò fi parí rẹ̀: wọ́n yan Raoul láti rọ́pò Obama. Gbólóhùn náà kò ní àbùkù ní ti gírámà, ṣùgbọ́n ó ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, 'yàn', ni ó dúró fún ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye olùdìbò ṣe fún Obama, òun náà ni ó sì dúró fún ohun tí ìwọ̀nba alága wọ́ọ̀dù inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣe fún Raoul. Àwọn afọbajẹ a máa yan ọba, gómìnà a máa yan kọmíṣọ́nnà, olùdìbò a máa yan aṣòfin, ọmọge a sì máa yan ọkọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn ní láti fi kún un, kí ó sọ pé 'dìbò yàn' tàbí 'yàn sípò', ọ̀pọ̀ akọ̀wé ni kì í sì í ṣe wàhálà yẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ kan fún èyí, ọ̀rọ̀ kan fún tọ̀hún. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Illinois, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu, ti ṣe òfin tí ó sọ ohun méjèèjì di ọ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá ipò Raoul mu ní ọdún 2004 ti wà nílẹ̀ tipẹ́ nínú èdè Yorùbá: adelé. Adelé ni ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ilé nígbà tí onílé kò sí. Ní Àkúrẹ́, bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi jẹ adelé. Yóò wọṣọ bí ọkùnrin, yóò jókòó sí ipò baba rẹ̀, yóò máa gbọ́ ẹjọ́, ìlú yóò sì máa bọ̀wọ̀ fún un bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún ọba, títí wọn yóò fi fi ọba tuntun jẹ. Àwọn kan lè sọ pé àṣà yìí kò ṣe obìnrin lóore, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn jiyàn pẹ́. Síbẹ̀ ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ òfin fi ọwọ́ kàn: ìlú kò fi ẹni tí ó lè du oyè ṣọ́ oyè. Bí adelé bá lè jẹ́ olùdíje, ìdíje ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin Illinois ṣe òdìkejì èyí gẹ́lẹ́. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ti ọdún 1970 sọ pé bí àga kan bá ṣófo nínú ilé aṣòfin, kí wọ́n fi ènìyàn dí i láàárín 30 ọjọ́, kí ẹni náà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó lọ. Bí àga náà bá jẹ́ ti sẹ́nétọ̀, tí ó sì ku ju oṣù 28 lọ kí sáà tó parí, ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ yóò ṣe é títí di ìdìbò gbogbogbòò tí ó kàn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, òun ni yóò lo gbogbo ìyókù sáà náà tán. Obama ni wọ́n dìbò yàn fún sáà ọdún 4 ní ọdún 2002. Nígbà tí ó fi àga sílẹ̀, nǹkan bí oṣù 26 ni ó kù. Oṣù 2 péré ni ó dín, ni àwọn ará Àgbègbè 13 kò fi rí ìwé ìbò kankan lórí ọ̀rọ̀ àga náà títí di ọdún 2006.

Ta ni ó wá ń yàn? Àwọn alága ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú àgbègbè náà ni. Níbí ni ó yẹ kí ènìyàn ti fara balẹ̀, nítorí pé níbí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó jù. Alága kọ̀ọ̀kan kò ní ohùn kan bí ti ẹnì kejì rẹ̀. Iye ìbò tí aṣòfin tí ó lọ náà rí gbà ní wọ́ọ̀dù alága kọ̀ọ̀kan, nínú ìdìbò tí ó gbé aṣòfin ọ̀hún wọlé, ni wọ́n fi ń wọn ohùn alága. Bí wọ́ọ̀dù kan bá ti fún aṣòfin náà ní ìbò tí ó pọ̀, ohùn alága ibẹ̀ yóò tẹ̀wọ̀n. Bí ó bá kéré, ohùn rẹ̀ yóò fúyẹ́. Àwọn tí ó gbé òfin yìí kalẹ̀ rò pé ohun tí ó tọ́ ni àwọn ṣe, pé wọ́n ti mú ohùn àwọn ará ìlú wọ inú ìgbìmọ̀ náà. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ná. Ní ọdún 2002, ìyá àgbà kan ní Hyde Park rìn lọ sí ibùdó ìdìbò, ó sì dìbò fún Obama. Ní ọdún 2004, ẹlòmíràn mú ìbò ìyá yẹn kan náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì láìsọ fún un, ó sì fi í gbe ẹlòmíràn tí orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé tí ìyá náà fi ọwọ́ tẹ̀. Ìbò jẹ́ ohun tí ènìyàn fi sọ pé ẹni báyìí ni òun fẹ́. Kì í ṣe owó tí olówó fi sí ìfipamọ́ kí akápò máa fi ra ohun tí ó bá wù ú. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ní orí kò ní fìlà, ẹni tí ó ní fìlà kò ní orí; ní Àgbègbè 13, àwọn olùdìbò ni ó ni ìbò, àwọn alága ni ó lò ó.

Àwọn tí ó ń gbèjà ètò yìí ní ìdáhùn kan tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: iṣẹ́ Raoul fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ń bínú sí ọ̀nà tí ó gbà wọlé wo ohun tí ó wọlé wá ṣe. Ó yẹ kí wọ́n rí ìdáhùn gbà.

Ìjìyà ikú ni ó ga jù nínú iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí Illinois ti dá ìjìyà yìí padà sínú òfin ní ọdún 1977 títí di ọdún 2000, ènìyàn 12 ni ìjọba pa, ṣùgbọ́n ènìyàn 13 ni wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún wọn, nítorí pé ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn tí ẹjọ́ wọn wó pọ̀ ju àwọn tí wọ́n pa lọ. Gómìnà George Ryan, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, dá pípa ènìyàn dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2000. Ní oṣù Kìíní ọdún 2003, bí ó ṣe ń kúrò lórí oyè, ó gba ènìyàn 167 lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n òfin náà ṣì wà nínú ìwé, àwọn ilé ẹjọ́ sì tún ń dá ẹjọ́ ikú. Raoul ni ó gbé àbá òfin tí yóò fà á tu sórí ní ilé àwọn sẹ́nétọ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 2011, ìbò 32 gbè é, 25 lòdì sí i. Gómìnà Pat Quinn fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ó sì yí ìdájọ́ àwọn ènìyàn 15 tí ó kù ní àtìmọ́lé ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Òfin tí ó de àwọn ọlọ́pàá tí ó ń lo kámẹ́rà àyà, tí ó sì ká wọn lọ́wọ́ kò láti fún ènìyàn lọ́rùn, ti ọdún 2015, Raoul náà wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 2018, ó du ipò agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀. Àwọn 8 ni wọ́n jọ dije nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, Quinn tí ó fọwọ́ sí òfin rẹ̀ wà lára wọn, Raoul ni ó sì borí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó fẹ̀yìn Erika Harold ti ẹgbẹ́ Republican balẹ̀. Wọ́n tún dìbò yàn án ní ọdún 2022.

Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò pe Raoul ní adelé lẹ́yìn ọdún 2018. Ìbò gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó gbé e dé ibi tí ó dé. Ẹni tí òfin rẹ̀ ti gba ènìyàn lọ́wọ́ ikú kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni máa ṣírò àṣìṣe fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe bóyá Raoul jẹ́ ènìyàn rere. Ó ti du àga ìgbìmọ̀ ìlú Chicago rí kí ọdún 2004 tó dé, àwọn olùdìbò kò gbé e wọlé. Ohun tí ìbò kò fún un, àwọn alága wọ́ọ̀dù fún un. Nígbà tí ọdún 2006 dé tí wọ́n wá bi àwọn ará àgbègbè ní ohun tí wọ́n fẹ́, wọn kò bi wọ́n láàárín àwọn ẹni tí ó dọ́gba: ọ̀kan ti wà lórí àga fún ọdún 2, ó ti ní ọ́fíìsì, ó ti ní òṣìṣẹ́, orúkọ oyè ti wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ìdíje tí ẹnì kan ti sáré dé ìdajì ọ̀nà kí wọ́n tó fọn fèrè kì í ṣe ìdíje. Ó sì yẹ kí a fi èyí kún un: nígbà tí ó di ọdún 2011, tí wọ́n ń tún àgbègbè ìdìbò gbogbo ìpínlẹ̀ pín, Raoul ni alága ìgbìmọ̀ tí ó bójú tó pípín náà ní ilé àwọn sẹ́nétọ̀. Ẹni tí wọ́n fi sórí àga láìdìbò ni ó wá ń fa ààlà tí àwọn olùdìbò yóò máa dìbò nínú rẹ̀. Ìbò ti wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà yẹn, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó fi rìn débẹ̀, ilẹ̀kùn ọdún 2004 ni ó kọ́kọ́ gbé e gbà.

Ẹni tí ó bá sọ pé èso dídùn ti fi hàn pé igi náà dára gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣe sí èso kíkan tí ó bọ́ lára igi kan náà. Obama fi àga méjì sílẹ̀ ní Illinois láàárín ọdún 4. Èkejì ni ti Washington, lẹ́yìn tí wọ́n dìbò yàn án sípò ààrẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008. Àga yìí, gómìnà ni òfin fún lágbára láti fi ènìyàn dí. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún náà, àwọn agbófinró ìjọba àpapọ̀ mú Gómìnà Rod Blagojevich, wọ́n ní ó fẹ́ fi àga náà ṣe ọjà. Kí oṣù náà tó parí, ó ṣì rí àyè fi Roland Burris sórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2009, gbogbo àwọn sẹ́nétọ̀ 59 ìpínlẹ̀ náà dìbò láìyọ ẹnì kan sílẹ̀ láti yọ gómìnà náà, Raoul wà lára wọn. Wọ́n rán Blagojevich lọ sẹ́wọ̀n ọdún 14 ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Ààrẹ Trump gé ẹ̀wọ̀n náà kúrú ní ọdún 2020, ó sì dárí jì í ní ọdún 2025. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ sọ ní ọdún 2010 pé Burris kò gbọdọ̀ parí sáà náà láìsí ìdìbò. Wọ́n dìbò ní oṣù Kọkànlá, Mark Kirk ni ó sì lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ó kù. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní Washington, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n lọ bi olùdìbò. Fún oṣù 26 ní Springfield, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀sùn ọjà títà kan àwọn alága wọ́ọ̀dù tí ó fi Raoul sípò, kò sì sí ìdí láti fi kàn wọ́n. Àmọ́ ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ìwà àwọn tí ó di agbára náà mú. Òfin kọ́ ni ó yà wọ́n. Òfin tí ó jẹ́ pé ìwà rere ẹni tí ó ń lò ó nìkan ni kò jẹ́ kí ó bàjẹ́, òfin tí kò tíì parí ni.

Àwọn mìíràn á sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n á ní ìdìbò láti dí àga kan ṣoṣo wọ́n, pé àwọn tí ó ń jáde wá dìbò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Òótọ́ ni èkejì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba olùdìbò tí ó bá jáde yóò ṣì pọ̀ ju àwọn alága wọ́ọ̀dù lọ. Ní ti owó, nǹkan bí ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ 50 Amẹ́ríkà ni ó ń dìbò láti dí àga aṣòfin ìpínlẹ̀ tí ó bá ṣófo, wọn kò sì tíì wọ gbèsè nítorí rẹ̀. Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Washington kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìyànsípò rárá: láti ọdún 1789, gbogbo ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ ni wọ́n dìbò yàn. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pẹ̀lú kò fún gómìnà tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ní agbára láti fi ẹnikẹ́ni dí àga aṣòfin tí ó ṣófo. Ìdìbò nìkan ni ó ń dí i. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà kò ní fi ṣe àpẹẹrẹ ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n òfin náà mọ ẹni tí ó ni àga.

Àwọn kan tún sọ pé alága wọ́ọ̀dù náà, ẹni tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò yàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n dìbò yàn án láti máa ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹni tí ìyàwó rán lọ ra iyọ̀ kò lè tìtorí pé wọ́n rán an níṣẹ́ kí ó lọ ta ilé.

Ó ṣeé ṣe kí ìpínlẹ̀ kan sọ pé òun kò lè fi àga sílẹ̀ lófìfo títí di ọjọ́ ìdìbò, nítorí pé àwọn ará àgbègbè náà kò ní ní ohùn nínú ilé nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìpínlẹ̀. Èrò tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Kí wọ́n fi adelé síbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ adelé lóòótọ́: kí ó búra pé òun kò ní du àga náà nínú ìdìbò tí ó kàn, kí ó sì jáde lọ́jọ́ tí onílé bá dé. Raoul ìbá ṣì lè du àga náà ní ọdún 2006, kí ẹlòmíràn ṣọ́ ọ fún oṣù 26, bóyá kí ó sì borí lójú gbogbo ayé. Bí ó bá tóótun tó bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe ń sọ, kí ni ó wà níbẹ̀ tí ìbò yóò fi bà á lẹ́rù?

Ẹni tí ó bá rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ kò tíì wo ìtàn àga náà. Richard Newhouse jókòó lórí àga sẹ́nétọ̀ láti ọdún 1967 títí di ọdún 1991. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀, Alice Palmer ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, láìdìbò. Ní ọdún 1995, Palmer lọ du àga ní Washington, ó kùnà, ó sì fẹ́ padà sí àga rẹ̀ ní Springfield, lẹ́yìn tí ó ti fi ọwọ́ sí i pé kí Obama gbà á. Obama kò gbà. Ó ní kí wọ́n yẹ ìwé ìfọwọ́sí rẹ̀ àti ti àwọn tí ó kù wò, ìwé ìfọwọ́sí wọn kò sì pé iye tí òfin béèrè. Nínú ìdìbò abẹ́lé ọdún 1996, orúkọ Obama nìkan ni ó wà lórí ìwé ìbò. Ní àgbègbè tí ẹgbẹ́ Democrat ti ń wọlé láìṣe wàhálà, ìdìbò abẹ́lé ni ìdìbò. Lẹ́yìn Obama ni Raoul.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, bí Raoul ṣe ń múra láti búra gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò àgbà, àwọn alága wọ́ọ̀dù Àgbègbè 13 tún kó ara wọn jọ. Ìbò tí àwọn ará àgbègbè náà dì fún Raoul ní ọdún 2016 ni wọ́n fi wọn ohùn alága kọ̀ọ̀kan. Robert Peters ni wọ́n fi sórí àga, ní ọjọ́ 6 oṣù náà. Ó ku nǹkan bí oṣù 24 kí sáà náà tó parí.